Ẹ̀yìn Ike Ni Kí Ẹ Kà: Bí A Ṣe Ń Mọ Ohun Tó Wà Nínú Ìpara, Tí A Sì Ń Fi Ọ̀kan Wé Èkejì

Iwájú ike ìpara, ti ẹni tó ń tajà ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ń ya èso òrí, kárọ́ọ̀tì tàbí ìbẹ́pẹ sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń kọ ọ́ sí pé awọ yóò máa dán láàárín ọjọ́ méje. Ẹ̀yìn ike ni òfin ti dá sí ọ̀rọ̀. Àwọn lẹ́tà wínníwínní tó wà níbẹ̀ ni àkójọ èròjà, ìyẹn gbogbo ohun tí wọ́n pò pọ̀ tó fi di ìpara. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà yóò mọ ohun tí òun ń fowó òun rà. Kò gba ìwé gíga. Ohun tó gbà ni sùúrù, kámẹ́rà fóònù tí ẹ máa fi fẹ lẹ́tà kékeré lójú, àti mímọ orúkọ bíi ogún sí ọgbọ̀n tó ń wáyé lemọ́lemọ́ lára ọjà.

Mo máa tò ó ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀ títí dé ibi tí ẹ ó ti lè gbé ike méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ sọ èyí tó yẹ kẹ́ ẹ rà. Màá pẹ́ lórí ìpara abóra, nítorí ibẹ̀ ni ewu wà jù.

Kí ẹ tó ka ohunkóhun

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá àkójọ èròjà tiẹ̀ wà lára ike. Bí kò bá sí, ẹ dá a padà. Èyí kan àwọn ìpara tí wọ́n ń pò nílé sínú ike funfun, tí wọ́n ń pè ní "organic" tàbí "promix", tí wọ́n sì ń tà lórí WhatsApp àti Instagram. Bí ẹ bá béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, ohun tí ẹ ó gbọ́ ni, "Àǹtí mi, nǹkan àdáyébá ni gbogbo ẹ̀ o." Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pò ó mọ ohun tó dà sí i. Bó bá kọ̀ tí kò kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín, nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kò fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC, orúkọ àti àdírẹ́sì ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Nọ́ńbà NAFDAC nìkan ò tó o, nítorí àwọn kan ń tẹ nọ́ńbà ọjà ẹlòmíràn sára tiwọn. Bí ọjà bá ń kọ yín lóminú, ẹ lọ fi orúkọ àti nọ́ńbà náà wádìí lọ́dọ̀ NAFDAC. Lára ọjà tó ti òkè òkun wá, ẹ lè rí àwòrán ike kékeré kan tí ìdérí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí wọ́n kọ 6M tàbí 12M sí. Iye oṣù tí ẹ fi lè máa lò ó láti ọjọ́ tí ẹ bá ti ṣí i ni wọ́n ń sọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo bí wọ́n ṣe to orúkọ

Òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní Yúróòpù, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ níbòmíràn náà sì ń tẹ̀ lé, ni pé èròjà tí ìwọ̀n rẹ̀ pọ̀ jù ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú, kí àwọn yòókù máa tẹ̀ lé e títí dé èyí tó kéré jù. Ìdí nìyẹn tí Aqua, ìyẹn omi, fi máa ń wà níwájú lára ọ̀pọ̀ ìpara olómi. Orúkọ márùn-ún sí mẹ́fà àkọ́kọ́ ló sábà máa ń jẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ìpara náà.

Àmọ́ àyè kan wà tí òfin yìí ti dẹ̀. Èròjà tí kò bá ju ìdá 1 nínú 100 lọ, ìyẹn 1%, wọ́n lè tò ó bó ṣe wù wọ́n lẹ́yìn àwọn tó jù bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n àwọn ontàjà wà: èròjà kínún tó ní orúkọ dídùn ni wọ́n máa ń gbé síwájú nínú àwọn kékeré wọ̀nyí.

Báwo la ṣe máa mọ ibi tí 1% ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọn ò fa ìlà sí i? Ẹ wá phenoxyethanol. Èròjà tí kì í jẹ́ kí ìpara bu ni, òfin Yúróòpù ò sì gbà kó ju 1% lọ. Ohunkóhun tí ẹ bá rí lẹ́yìn rẹ̀ lára ọjà tó ń tẹ̀ lé òfin yẹn, kò ju 1% lọ. Mo rò pé ẹni tó bá mọ èyí nìkan ti kúrò lára àwọn tí àwòrán iwájú ike ń tàn.

Ẹ jẹ́ ká fi ìpara méjì ṣe àpẹẹrẹ. Èmi ni mo to àkójọ méjèèjì, wọn kì í ṣe ọjà ẹnikẹ́ni, àmọ́ irú wọn kún àtẹ láti Balógun dé Dùgbẹ̀.

Ìpara kìíní, tí wọ́n ya èso òrí ńlá sí níwájú: Aqua, Paraffinum Liquidum, Glycerin, Stearic Acid, Glyceryl Stearate, Triethanolamine, Phenoxyethanol, Parfum, Butyrospermum Parkii Butter, Aloe Barbadensis Leaf Juice, CI 19140.

Ìpara kejì, tí iwájú rẹ̀ funfun lásán: Aqua, Glycerin, Butyrospermum Parkii Butter, Caprylic/Capric Triglyceride, Cetearyl Alcohol, Niacinamide, Dimethicone, Ceteareth-20, Phenoxyethanol, Ethylhexylglycerin, Citric Acid.

Butyrospermum Parkii ni òrí. Nínú ìpara kìíní, ẹ̀yìn phenoxyethanol ló wà, nítorí náà kò ju 1% lọ. Ká ní ike náà gba gíráàmù 400, òrí inú rẹ̀ kò ju gíráàmù 4 lọ, kò sì kún ṣíbí tíì kan. Òrí kọ́ ló fún un ní àwọ̀ ìyeyè tó jọ ti òrí lójú yín. CI 19140 ni, aró aláwọ̀ ìyeyè. Nínú ìpara kejì, ipò kẹta ni òrí wà, wọn ò sì ya ohunkóhun síwájú ike.

Èyí ò wá sọ ìpara kìíní di ọjà burúkú o. Paraffinum Liquidum àti Glycerin inú rẹ̀ yóò ṣiṣẹ́ dáadáa lára awọ tó gbẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ má san owó òrí lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ òrí gan-an lẹ ń wá, ẹ ra ògidì òrí tó ti Ṣakí tàbí ìpínlẹ̀ Kwara wá, owó rẹ̀ ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù níbí. Kì í ṣe gbogbo ohun tó kéré ni kò wúlò. Retinol, tó jẹ́ irú Vitamin A kan, àti Sodium Hyaluronate, tó ń fa omi sínú awọ, ń ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀n tí kò tó 1%. Àwọn bí òrí, òróró àti glycerin ló yẹ kó pọ̀ kí ara tó mọ̀ ọ́n.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ orúkọ àti iṣẹ́ rẹ̀

Èdè Látìn ni wọ́n fi ń kọ orúkọ igi àti ewé. Cocos Nucifera ni àgbọn. Elaeis Guineensis Kernel Oil ni àdín. Theobroma Cacao ni kòkó, Ricinus Communis ni lárà, Carica Papaya ni ìbẹ́pẹ, Daucus Carota sì ni kárọ́ọ̀tì.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni ìpara ń ṣe lára awọ. Àwọn èròjà kan ń fa omi sínú awọ: Glycerin, Urea, Sodium Hyaluronate, Propylene Glycol. Àwọn kan ń mú awọ rọ̀: òrí, òróró, Cetyl Alcohol. Àwọn kan sì ń bo awọ kí omi inú rẹ̀ má bàa fò lọ: Petrolatum, tí gbogbo ayé ń pè ní Vaseline, Paraffinum Liquidum àti Dimethicone. Ìpara tó dára fún awọ gbígbẹ máa ń ní ó kéré tán ọ̀kan nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ ò lómi nínú, glycerin nìkan kì í tó. Ẹ fi í pa ara bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán, tí omi ṣì wà lára díẹ̀, kí ẹ wá fi èyí tó ń bo awọ lé e.

Orúkọ "alcohol" máa ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn, àmọ́ oríṣi méjì ni. Cetyl Alcohol, Cetearyl Alcohol àti Stearyl Alcohol jẹ́ ọ̀rá, wọ́n ń mú awọ rọ̀ ni. Alcohol Denat. ló ń gbẹ awọ bó bá wà lára àwọn orúkọ àkọ́kọ́.

Parfum tàbí Fragrance ni lọ́fínńdà. Orúkọ kan ṣoṣo yìí lè kó oríṣiríṣi èròjà pamọ́, ó sì wà lára ohun tó ń mú kí ara yún àwọn ènìyàn jù. Ìdí nìyẹn tí Yúróòpù fi ní kí wọ́n dárúkọ àwọn kan lọ́tọ̀, bíi Limonene, Linalool, Geraniol àti Citronellol. Bí ara yín bá tètè ń yún, tàbí ọmọ ọwọ́ lẹ fẹ́ fi pa, ìpara tí kò ní Parfum ni kí ẹ wá.

Paraben ńkọ́? Àwọn ènìyàn ń sá fún un nítorí ohun tí wọ́n kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tèmi ni pé ìpara olómi tí kò ní ohun tó ń dá a dúró kó má bàjẹ́ léwu ju èyí tó ní Methylparaben ní ìwọ̀n tí òfin gbà, ìyẹn 0.4% bó bá dá wà. Ibi tí omi bá wà, kòkòrò àìfojúrí á hù, pàápàá nínú ooru ilé wa. Ògidì òrí àti àdín ò lómi nínú, nítorí náà wọn ò nílò rẹ̀. Ìpara olómi tí wọ́n ń fi yangàn pé kò ní "kẹ́míkà" kankan ni kí ẹ fura sí.

Ní ti ọṣẹ, Sodium Palmate jẹ́ epo pupa tí wọ́n ti sọ di ọṣẹ, Sodium Palm Kernelate jẹ́ ti àdín, Sodium Tallowate sì jẹ́ ọ̀rá ẹran. Ọṣẹ dúdú tiwa, tí wọ́n fi eérú èèpo kòkó tàbí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àdín ṣe, ń fọ ara mọ́ gan-an, àmọ́ ó le ju bí awọ ṣe fẹ́ lọ. Ẹ pò ó mọ́ omi kí ẹ tó fi kan ojú, ẹ ṣan án dáadáa, kí ẹ sì pa ìpara lẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kí lẹ fẹ́ kó ṣe fún yín?

Bó bá jẹ́ irorẹ́, ẹ wá Salicylic Acid 0.5% sí 2%, tàbí Benzoyl Peroxide. Fún Benzoyl Peroxide, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 2.5%, fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ó ń ṣiṣẹ́ bíi 10%, kì í sì í ta ara tó bẹ́ẹ̀. Ó máa ń bó aṣọ o, nítorí náà ẹ lo aṣọ ìrọ̀rí funfun.

Bó bá jẹ́ àpá dúdú tí irorẹ́ fi sílẹ̀, Niacinamide 2% sí 5% ni mo máa ń kọ́kọ́ tọ́ka sí, nítorí kì í sábà bá ara jà. Azelaic Acid náà dára fún irorẹ́ àti àpá pa pọ̀, aláboyún náà sì lè lò ó. Vitamin C tí wọ́n kọ ní Ascorbic Acid máa ń tètè bàjẹ́. Bó bá ti di àwọ̀ ilẹ̀ nínú ìgò, agbára rẹ̀ ti lọ. Glycolic Acid àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣí awọ òkú kúrò, àmọ́ wọ́n ń jẹ́ kí oòrùn tètè mú awọ. Aláboyún ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan Retinol àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Retinal àti Tretinoin.

Gbogbo owó tí ẹ bá ná lórí àpá dúdú yóò ṣòfò bí ẹ ò bá fi ohun tó ń dí oòrùn lọ́wọ́ pa ojú. Awọ dúdú ní ààbò tirẹ̀, àmọ́ oòrùn ń mú kí àpá dúdú sí i. Ẹ wá SPF 30 ó kéré tán; SPF ni nọ́ńbà tó ń sọ bí ìpara ṣe lè dí oòrùn tó. Ẹ̀yìn ike gbọ́dọ̀ dárúkọ ohun tó ń dí oòrùn: Zinc Oxide, Titanium Dioxide, Butyl Methoxydibenzoylmethane, Octocrylene tàbí àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ máa ń fi funfun sílẹ̀ lójú èèyàn dúdú. Èyí tó ní àwọ̀ bíi tara, tí ẹ ó rí CI 77491, CI 77492 àti CI 77499 lẹ́yìn rẹ̀, kì í fi funfun sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Irin ni wọ́n fi ṣe àwọn àwọ̀ yẹn, wọ́n sì tún ń dí ìmọ́lẹ̀ tó ń mú kí àpá dúdú sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àwọn mẹ́ta tó ń ba ara jẹ́

Hydroquinone ni àkọ́kọ́. Ó ń dá awọ dúró kó má lè ṣe àwọ̀ dúdú rẹ̀ mọ́. Dọ́kítà awọ lè fún ènìyàn fún oṣù díẹ̀, kó sì máa wò ó. NAFDAC ò gbà kó ju 2% lọ nínú ìpara. Ní Britain àti Yúróòpù, kò láyè rárá nínú ìpara tí wọ́n ń tà lórí àtẹ, wọ́n sì ti gbé àwọn onísọ́ọ̀bù ní Peckham, níbi tí àwa Yorùbá pọ̀ sí ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ sílé ẹjọ́ nítorí irú ọjà yìí. Ní Amẹ́ríkà, láti 2020, ìwé dọ́kítà lèèyàn fi ń rà á. Bí èèyàn bá lò ó pẹ́, awọ tó ń bó náà á tún dúdú padà: ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti oríkèé ọwọ́ á di dúdú tó fẹ́ jọ búlúù, tí ìpara kankan kì í sì í lè mú kúrò mọ́ bọ̀rọ̀. Quinol àti 1,4-Benzenediol jẹ́ orúkọ mìíràn fún un. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ Monobenzone, tí òun máa ń pa àwọ̀ awọ títí láé.

Mákúrì ni èkejì, òun ló burú jù. Ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń dé ara ọmọ tó wà nínú aláboyún. Ẹ ò ní sábà rí i lára ike. Bí wọ́n bá kọ ọ́, ẹ ó rí Calomel, Mercurous Chloride, Mercuric Iodide, Ammoniated Mercury tàbí Mercurio. Ohun kan wà tó máa ń tú u fó: bí ẹ bá rí i lára ike pé kí ẹ má jẹ́ kí ìpara náà kan fàdákà, wúrà, rọ́bà, alumíníọ̀mù tàbí ohun ọ̀ṣọ́, ẹ gbé e sílẹ̀. Mákúrì máa ń bá wúrà àti fàdákà jà, ìdí tí wọ́n fi kọ ìkìlọ̀ náà nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni àwọn sítẹ́rọ́ìdì: Clobetasol Propionate, Betamethasone, Dexamethasone, Fluocinonide, Mometasone. Oògùn gidi ni wọ́n, fún àìsàn awọ bí eczema líle, fún àkókò díẹ̀. Àmọ́ wọ́n ń mú awọ mọ́lẹ̀ kíákíá, nítorí náà àwọn tó ń pò ìpara ń fún túùbù wọn sínú ìpara gbogbo ara, tí wọn ò sì ní kọ ọ́. Àwọn túùbù kan tiẹ̀ ní sítẹ́rọ́ìdì, oògùn làpálàpá àti oògùn kòkòrò pa pọ̀, tí àwọn ènìyàn ń fi pa gbogbo ohun tó bá yọ lójú wọn. Bó bá pẹ́ lára, awọ á fẹ́lẹ́, iṣan á hàn, ìlà á là sí itan àti apá, irorẹ́ á tú jáde, ọgbẹ́ ò ní tètè jinná. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹni náà, awọ tó ti fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń ṣòroó rán.

Ẹ fojú sí àwọn àmì wọ̀nyí. Ìpara tó ń mú gbogbo ara funfun láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tó ń wo irorẹ́, làpálàpá àti ara yíyún lẹ́ẹ̀kan náà, tí gbogbo rẹ̀ tún ń padà pẹ̀lú agbára bí ẹ bá ti dáwọ́ dúró, ó ṣeé ṣe gan-an kí sítẹ́rọ́ìdì wà nínú rẹ̀. Niacinamide tàbí Azelaic Acid gidi máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá kí àyípadà tó hàn dáadáa.

Ẹni tó bá ti ń lo irú ìpara bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó má kàn jù ú nù lójijì. Kó lọ rí dọ́kítà awọ, kó mú ike náà dání, kó sì sọ òtítọ́ iye ìgbà tó ti lò ó, kí wọ́n lè bá a dín in kù. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀; ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n tan irú rẹ̀ jẹ. Ẹ̀yin ìyá, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ìpara tí wọ́n kọ "whitening", "toning" tàbí "half-caste" sí pa ọmọ ọwọ́. Awọ ọmọ fẹ́lẹ́ púpọ̀, ohun tó bá sì kàn án ń tètè wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ fi ọ̀kan wé èkejì

Ẹ ya àwòrán ẹ̀yìn ike méjèèjì. Ẹ kọ orúkọ mẹ́fà àkọ́kọ́ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ wo ìsọ̀rí mẹ́ta tí mo sọ: èwo ló ń fa omi, èwo ló ń mú awọ rọ̀, èwo ló ń bò ó? Ẹ wá ibi tí phenoxyethanol wà, kí ẹ wò ó bóyá ohun tí wọ́n ya síwájú ike wà ṣáájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wo Parfum. Ẹ wá àwọn mẹ́ta tó ń ba ara jẹ́. Lẹ́yìn náà lẹ ó tó wo owó.

Owó ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹ fi iye mílílítà pín iye owó. Ká ní ìpara kan jẹ́ ₦4,000 fún 200ml, tí èkejì sì jẹ́ ₦6,000 fún 400ml: ₦20 ni mílílítà kan nínú ti àkọ́kọ́, ₦15 ni nínú ti èkejì. Èyí tó dà bíi pé ó wọ́n ló rọjú. Bí orúkọ mẹ́fà àkọ́kọ́ bá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, orúkọ ilé iṣẹ́ ni owó tó kù ń sanwó fún.

Padà sórí àpẹẹrẹ wa. Fún ẹni tí ara rẹ̀ gbẹ lásán, tí lọ́fínńdà kì í bá jà, ìpara kìíní tó bó bá rọjú. Fún ẹni tó ní àpá dúdú, tàbí tí ara rẹ̀ tètè ń yún, ìpara kejì ni màá ní kó rà, nítorí Niacinamide tó ṣíwájú phenoxyethanol àti nítorí pé kò sí Parfum.

Bí ẹ bá ti rà á, ẹ má fi pa gbogbo ara lọ́jọ́ kìíní. Ẹ fi díẹ̀ sí ìhà inú apá, lẹ́bàá ìgbọ̀nwọ́, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá yún, tó pọ́n, tàbí tó wú, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò kí ẹ sì pa á tì. Ohun tuntun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa mú wọlé lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fún un ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó fi òmíràn kún un, torí bí ara bá ń yún lẹ́yìn ìpara tuntun mẹ́ta, ẹ ò ní mọ èyí tó fà á nínú wọn. Ẹ tọ́jú àwòrán ẹ̀yìn ike tó bá yín jà sínú fóònù. Lẹ́yìn méjì sí mẹ́ta irú rẹ̀, ẹ máa rí orúkọ kan tó wà nínú gbogbo wọn, orúkọ yẹn ni kí ẹ mú lọ sọ fún dọ́kítà.